Kọ́tìnì Tó Gùn Ju Yàrá Lọ

Kò sí ẹni tó mọ ìlú ńlá yẹn láti inú wá bí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Elétéèpù. Àwọn awakọ̀ mọ títì, àwọn ọlọ́pàá mọ kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Elétéèpù mọ fèrèsé. Ẹ dárúkọ àdúgbò kan fún un báyìí, kò ní bi yín pé ta ló ń gbé ibẹ̀. Á ní, “Áà, àwọn tí fèrèsé yàrá ìdáná wọn wọ́,” bí ẹni tó ń káàánú ìdílé kan. Kọ́tìnì ló ń rán, téèpù ìwọ̀n kì í sì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Ilé tuntun ni wọ́n sì sábà máa ń pè é sí, nítorí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, kọ́tìnì ló máa ń kọ́kọ́ rántí, kí aráyé má baà rí i pé kò sí àga nínú ilé.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n kan. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á kan ọ̀pá kọ́tìnì mọ́ orí fèrèsé gan-an, aṣọ á bo fèrèsé, ó parí. Elétéèpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè pátápátá, níbi tí ògiri ti pàdé síìlì, ló ń kan ọ̀pá tiẹ̀ mọ́. Á jẹ́ kó yọ kọjá fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì, á wá jẹ́ kí aṣọ wálẹ̀ gbọọrọ títí tí yóò fi kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, fèrèsé tí kò ju ìdérí ìkòkò lọ á di fèrèsé ààfin, yàrá tó kúrú á na ọrùn sókè. “Èèyàn ò lè fa ògiri,” ló máa ń wí, “ṣùgbọ́n èèyàn lè fa ojú ẹni tó ń wò ó.”

Ibi tí òun fúnra ẹ̀ ń gbé ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká rọra wọ ibẹ̀, nítorí kò sí bí èèyàn méjì ṣe lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá kan ni, lẹ́yìnkùlé àǹtí ọkọ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà lápá kan, máṣíìnì ìránṣọ wà lápá kejì, ọmọbìnrin wọn tó ń lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ń sùn láàárín méjèèjì, lórí fóòmù tí wọ́n ń tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò tóbi ju tíréè lọ, ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí. Ẹni tó bá na ọwọ́ síta, ìka ẹ̀ á ti kan ògiri yẹn kí ìgúnpá ẹ̀ tó jáde. Obìnrin tó rán kọ́tìnì fún ìdajì ìlú, ìrépé aṣọ ló fi bo tiẹ̀.

Ọkọ ẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn tó ń kó lọ sílé tuntun ló ń bá kó ẹrù, nítorí náà ìyàwó ló ń wọn ilé, ọkọ ló ń kún un. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó á ròyìn fèrèsé, ọkọ á ròyìn àtẹ̀gùn.

“Ibi tí mo lọ lónìí, àtẹ̀gùn wọn fẹ̀ débi pé a gbé fíríìjì gòkè lóòró, kò ha rárá.”

“Èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀?”

“Tọkọtaya kan. Yàrá mẹ́rin.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ fi yàrá mẹ́rin ṣe?”

“Èmi náà bi wọ́n. Wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ ti bàtà.”

Elétéèpù wo ọmọ wọn tó ti sùn lọ, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan wà lábẹ́ máṣíìnì. “Ó dáa,” ló wí. “Bàtà wọn ti ní yàrá tiẹ̀ ṣáájú ọmọ wa. Ká kí bàtà kú oríire.”

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ti sọ ọmọ lórúkọ ní tiwọn, ọmọ ti ń ka ABD. Ilé tí wọn ì bá wò ni kò tíì jáde.

Kì í ṣe pé wọn ò gbìyànjú. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń tọ́jú owó sí báńkì. Ṣùgbọ́n ilé ìlú yẹn dà bí ọkọ̀ tí èèyàn ń sá tẹ̀ lé: bó o bá ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀, dẹ́rẹ́bà á tẹ iná. Lọ́dọọdún ni owó wọn ń pọ̀ sí i, lọ́dọọdún náà ni iye ilé ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí ó ń sún síwájú. Ọkọ ti sọ owó náà lórúkọ. “Ó-Kù-Díẹ̀” ló ń pè é. “Báwo ni Ó-Kù-Díẹ̀?” ló máa ń bi ìyàwó ẹ̀ ní òpin oṣù. “Ó ń dàgbà,” lèsì, “ó ṣì jọ bàbá ẹ̀.”

Àǹtí tó ni ilé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ẹni tó ra ilé láyé ìgbà tí ilé ló ń wá ẹni tó máa ra òun ni. Kì í gbàgbé ìyẹn, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíì gbàgbé.

“Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí yín,” á gbé àga síwájú ilẹ̀kùn wọn, “mo ti ra ilé yìí o, tìṣà lásán ni mí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fẹ́ràn bísíkíìtì jù. Bísíkíìtì òní, bísíkíìtì ọ̀la, ibẹ̀ ni ilé ń gbà lọ.”

“Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí,” Elétéèpù á dáhùn láì rẹ́rìn-ín. “A ti jáwọ́ nínú bísíkíìtì láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí. Ó jọ pé àwọn tó ń ta ilé ò tíì gbọ́ ni.”

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí lọ́jọ́ kan, ọmọ ti iléèwé dé. Àǹtí fà á mọ́ra, ó yí ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò. Ìṣẹ́tí tí Elétéèpù ṣẹ́ sí i fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

“Ṣé ìṣẹ́tí nìyí àbí àpò? Èyí á bá ọmọ yìí dé ilé ọkọ o!”

“Ọmọ ń dàgbà, Àǹtí. Aṣọ ò lè dàgbà. Ẹni bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á ti fi gígùn pamọ́ síbẹ̀ dè é.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yí padà ni ilé alágbèékà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sápá ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Àwọn tó kọ́ ọ pe Elétéèpù kó wá wọn gbogbo fèrèsé. Ó ń ti fúláàtì kan bọ́ sí òmíì, téèpù lọ́rùn, láì bojú wẹ̀yìn, títí ó fi dé èyí tó wà ní ìparí àgbékà kẹta. Ohun tí a lè fi yangàn níbẹ̀ ò pọ̀: palọ̀ kan, yàrá kan, yàrá ìdáná tí tọkọtaya ò lè bá ara wọn jà nínú ẹ̀ torí kò sí ibi tí wọ́n máa ju ọwọ́ sí. Síìlì ẹ̀ ò ga. Ṣùgbọ́n fèrèsé palọ̀ yẹn kọjú síbi tí oòrùn ti ń yọ, igi ńlá kan wà níwájú ẹ̀, lẹ́yìn igi ni pápá tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ó wọn fèrèsé náà, ó gbàgbé iye tó jẹ́. Ó tún un wọ̀n, ó tún gbàgbé. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí lẹ́nu iṣẹ́. Ló bá dojú korobá ọ̀dà délẹ̀, ó jókòó lé e, ó ń wo igi. Ó rí ibi tí máṣíìnì máa wà, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba apá òsì bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Ó rí ibi tí ọmọ máa tẹ́ fóòmù sí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní kan nǹkan kan. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kan wọlé wá wá korobá ẹ̀, ó bẹ ọmọkùnrin náà pé kó jọ̀ọ́, òun ń sinmi. Ṣùgbọ́n ojú tó fi sọ ọ́, ọmọkùnrin náà rò pé ó ní ẹni tó kú fún un ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó mú ọkọ àti ọmọ lọ. Ọkọ fi ojú wọn àtẹ̀gùn, ó kan ilẹ̀kùn ní ẹ̀ṣẹ́, ó ní, “Bẹ́ẹ̀dì á wọlé. Máṣíìnì á wọlé. Èmi náà á wọlé tẹ́ ẹ bá gbà mí.” Ọmọ ní tiẹ̀ sáré láti ògiri kan dé èkejì, ó fọwọ́ kàn án, ó sáré padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò tíì rí ilẹ̀ ilé tí èèyàn lè sáré lórí ẹ̀ rí. Àwọn òbí ẹ̀ dúró, wọ́n ń wò ó lọ, wọ́n ń wò ó bọ̀, kò sí ẹni tó lè ní kó jókòó.

Ajẹ́ńtì tó ń ta ilé náà, ọ̀dọ́kùnrin tó ń wọ kóòtù bí oòrùn tilẹ̀ ń yọ́ ọ̀dà títì, bá wọn sọ òótọ́. “Madáàmù, gbogbo ẹni tó wá ló ní síìlì ti kúrú jù, wọ́n ní ó jọ páálí ìṣáná. Ìdí tí iye ẹ̀ fi wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú àsansílẹ̀ wá pé, tiyín ni. Ẹ má kánjú, ẹnikẹ́ni ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, ilé kan dúró, kò sáré. Ó-Kù-Díẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ẹ́ bá a. Iṣẹ́ gidi kan ló kù, kí àsansílẹ̀ pé.

Iṣẹ́ náà sì dé. Ajẹ́ńtì pè lórí fóònù: “Ọ̀gá wa fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe fúláàtì kan lọ́ṣọ̀ọ́, káwọn tó ń rà lè rí bó ṣe máa rí téèyàn bá ń gbé ibẹ̀. Èyí tí ò tà yẹn ni o, ti àgbékà kẹta.”

Elétéèpù sọ fún ọkọ ẹ̀ nírọ̀lẹ́. “Owó iṣẹ́ yẹn ló máa mú àsansílẹ̀ pé. Kọ́tìnì náà á sì ti wà níbẹ̀ dè wá.”

Ọkọ ronú bí ẹni tó gbé kọ́bọ́ọ̀dù dé ẹnu ilẹ̀kùn tóóró. “Gbà á,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ṣùgbọ́n má ṣe é dáadáa.”

“Kí lo wí?”

“Rán an bí ẹni tí orí ń fọ́. Kan ọ̀pá ẹ̀ sísàlẹ̀. Jẹ́ kó wọ́.”

“Èmi? Kí n kan ọ̀pá, kó wọ́?”

“Díẹ̀ báyìí. A á tún un kàn tá a bá kó débẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé bó bá dára jù, ojú ẹlòmíì á wọ̀ ọ́, wọ́n á rà á mọ́ wa lọ́wọ́.”

“Mo gbọ́,” ni Elétéèpù wí. Òtítọ́ ni pé ó gbọ́. Ó tilẹ̀ mú un lọ́kàn bí ẹni tó ń há ẹsẹ Bíbélì sórí, títí ó fi gun àkàbà ní palọ̀ yẹn, tó fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí fèrèsé, nísàlẹ̀, bí ọkọ ẹ̀ ṣe wí. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ láti wo ìlà náà. Ó jọ fìlà tí wọ́n fà dé ojú. Ó wò ó títí, ó wá ń ro iṣẹ́ tí yóò kàn án bí wọ́n bá kó wọlé: òun ló máa yọ ìṣó yìí, òun ló máa dí ihò ẹ̀, òun ló sì máa wá ọ̀dà tó bá ògiri mu. Ògiri ta ni òun fẹ́ bàjẹ́ báyìí? Ta ní ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ lu ihò sí ògiri ilé ara ẹ̀?

Ó pa ìlà rẹ́. Ó tún gun àkàbà, ó gòkè síwájú, títí orí ẹ̀ fi kan síìlì.

Aṣọ tó yàn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tó rọ̀, irú èyí tí oòrùn àárọ̀ á wọ inú ẹ̀ tí kò ní fẹ́ jáde mọ́. Nígbà tó ta á tán, yàrá náà mí kanlẹ̀, ó dìde. Páálí ìṣáná di gbọ̀ngàn. Igi ìta dà bí ẹni tí wọ́n gbìn sínú palọ̀. Elétéèpù ṣí kọ́tìnì, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ó bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí onílé, ó jókòó sílẹ̀ ní àárín yàrá, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn á búra pé ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ibẹ̀.

Ọjọ́ àfihàn kọjá. Ìrọ̀lẹ́ ni ajẹ́ńtì pè, ohùn ẹ̀ ń fò fẹ̀rẹ̀.

“Madáàmù, ọwọ́ yín ò ní ṣẹ́! Wọ́n ní síìlì ga! Àwọn tó sọ pé ó kúrú tẹ́lẹ̀ padà wá, wọ́n ní ṣé a gbé e sókè ni! Èèyàn mẹ́ta ló ń jà sí i. Ọ̀gá ti fowó lé e, wọ́n tún fowó lé èyí tó fi lé e. Ó ti lọ!”

“Ó ti lọ síbo?”

“Wọ́n ti rà á, Madáàmù. Kọ́tìnì yín ló tà á.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àfọwọ́fà ni, kò sí ẹni tó máa pè lẹ́jọ́ àfi ọwọ́ ara ẹ̀.

Ọkọ gbọ́ ọ, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Mo ní kó o jẹ́ kó wọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Díẹ̀ péré.”

“Mo ní mo mọ̀.”

Ọkọ yíjú sí i. “Ṣé ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ ni?”

“Ó rẹwà,” ni Elétéèpù wí.

Ọkọ mi orí. “Ó dùn mí pé n ò rí i,” ló wí, ó sì dìde lọ bomi fún un.

Kò pẹ́ tí ẹni tó ra ilé náà fi ránṣẹ́ sí i. Obìnrin kan ni, tó fi gíláàsì dúdú lé orí irun bí ẹni pé orí ló ń fi ríran. Inú ẹ̀ dùn, ó sì kóni mọ́ra.

“Ọmọ mi ni mo rà á fún,” ló wí. “Kó lè ní ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé ṣe ń dàwátì.”

“Ẹ kú oríire, Mà. Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?”

“Iṣẹ́ kẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá.”

“Ọlọ́run á jẹ́ kó dàgbà bá a,” ni Elétéèpù wí, ojú ẹ̀ ò yí padà.

“Àmín. Kọ́tìnì yín yìí gan-an ló fa ojú mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ìsinsìnyí! Ó ní òun ò fẹ́ kọ́tìnì, èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù fà lòun fẹ́. Ẹ bá mi tú u, kẹ́ ẹ sì máa mú un lọ, mo fún yín.”

“Ẹ ṣé, Mà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín o: bí n bá tú u, síìlì á wálẹ̀.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Elétéèpù gun àkàbà, ó tú u, ó sì ká a lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Obìnrin náà wo òkè, ó wo ògiri, ó yí ká. “Ó wá dà bí ẹni pé…” ló bẹ̀rẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan, Mà,” ni Elétéèpù wí. “Ojú yín á mọ́ ọn lára. Ojú wa náà ti mọ́ tiwa lára.” Kó tó jáde, ó wo igi lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó gbé kọ́tìnì lé èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí ọkọ ẹ̀ ti fojú wọ̀n.

Ilé ló yẹ kéèyàn ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òde ni Elétéèpù ti kó tiẹ̀ wálé. Ó tẹ́ kọ́tìnì náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bo bẹ́ẹ̀dì, ó bo máṣíìnì, etí ẹ̀ kan jáde sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí kò rí àga. Ló bá kan ọ̀pá mọ́ abẹ́ síìlì, ó ta á. Síìlì ẹ̀yìnkùlé kúrú ju ti àgbékà kẹta lọ. Aṣọ náà wálẹ̀, ó kan ilẹ̀, ó sì tún ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ.

Àǹtí ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. “Yéè! Fèrèsé tíréè, kọ́tìnì ààfin! Ẹ gé e, kẹ́ ẹ fi ìyókù rán bẹ́ẹ̀díṣíìtì. Aṣọ gidi nìyẹn.”

Ọkọ ti mú àlùmọ́gàjí dání. “Ṣé kí n gé e?”

“Má gé e.”

“Ọmọ á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.”

“Mo ní má gé e. Bá a bá gé e, a ti gbà nìyẹn.”

“A ti gba kí ni?” Àǹtí béèrè.

“Pé ibí náà ni.”

Àǹtí, tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé kó má dá bísíkíìtì sí i, wo ìyàwó yìí, ó wo yàrá, ó sì fa àga ẹ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Elétéèpù jókòó sílẹ̀, ó fi òwú sábẹ́rẹ́. Ó ṣẹ́ etí kọ́tìnì náà sókè, ó fẹ̀ gan-an, ó ń fi ọwọ́ rán an gátagàta, irú èyí tó jẹ́ pé bí a bá fa ìdí òwú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ á tú. Ọmọ wá kúnlẹ̀ tì í, ó ń wò ó.

“Ó jọ ti síkẹ́ẹ̀tì mi,” ló wí.

“Òun náà ni.”

“Mọ́mì, ṣé yàrá wa máa dàgbà ni?”

“Bá mi di apá ibẹ̀ yẹn mú,” ni ìyá ẹ̀ wí, “kó má baà wọ́.”

Ilé alágbèékà yẹn ṣì wà lójú ọ̀nà tí Elétéèpù ń gbà lọ sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù fà ni wọ́n ta sí fèrèsé ìparí àgbékà kẹta lóòótọ́, pípa dé ló sì máa ń wà tọ̀sán tòru, nítorí ẹni tó ni ín wà níléèwé. Igi nìkan ló ń wo ibẹ̀. Owó iṣẹ́ kọ́tìnì náà ti wọlé sí báńkì, ó lọ bá Ó-Kù-Díẹ̀. Ajẹ́ńtì sì ti sọ fún wọn pé wọ́n tún ń kọ́ òmíì, lápá ibi tó jìnnà díẹ̀.

Láràárọ̀, kó tó jáde lọ kó ẹrù àwọn ẹlòmíì, ọkọ Elétéèpù á dìde, á ti fóòmù ọmọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wá di kọ́tìnì mú lọ́wọ́ méjèèjì, á fà á láti ògiri dé ògiri bí ẹni tó ń ṣí ààfin. Fèrèsé tíréè á yọjú láàárín aṣọ ìyeyè. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo ògiri ilé kejì fún ìgbà díẹ̀.

“Igi wa ti ń rúwé o,” á wí.

“Ṣé àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù?” Elétéèpù á béèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì.

“Wọn ò tíì dé.”

Elétéèpù á dìde, á fi téèpù kọ́rùn, á sì jáde lọ wọn fèrèsé.